Láti Inú Àlọ́ Dé Inú Ìwé Àwọn Baba Ìjọ: Bí Ìtàn Ẹranko Ṣe Lè Kọ́ Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Èdè Látìnì

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Jòhánù 19:20 sọ fún wa pé èdè mẹ́ta ni a fi kọ àkọlé tí Pílátù fi sórí àgbélébùú Olúwa wa: Hébérù, Gíríkì àti Látìnì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì wa fi ọwọ́ pàtàkì mú Hébérù àti Gíríkì, nítorí pé àwọn ni a fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Ìwé Mímọ́. Ẹ̀kẹta ni a pa tì.

Bí olùkọ́ bá dárúkọ Látìnì ní kíláàsì, ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Èkíní ni pé èdè Ìjọ Àgùdà ni, kò kan àwa. Èkejì ni pé ó ti le jù. Ẹni tó bá ṣí ìwé gírámà Látìnì, tábìlì ọ̀rọ̀ ni yóò bá pàdé láti ojú ewé kìn-ín-ní. Kó tó dé orí kejì, ó ti pa ìwé dé.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ dáhùn méjèèjì. Mo fẹ́ fi hàn pé Látìnì kàn wá, àti pé ọ̀nà kan wà láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: ìtàn kéékèèké nípa ẹranko igbó. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Òṣóòrò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni mo ní lọ́kàn jù bí mo ti ń kọ ọ́, láti Ìlú-Títun dé Igbótako àti Ìjù-Odò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sóko ọ̀pẹ tàbí tó ń gun ọ̀kadà láàárín ọ̀sẹ̀. Wọn kò ní owó ìwé ńlá, wákàtí kan lálẹ́ sì ni gbogbo àkókò tí wọ́n ní fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Látìnì ní Yúróòpù kò ní: inú àlọ́ ni a ti tọ́ wọn dàgbà.

Ìdí tí Látìnì Fi Kàn Wá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn. Kì í ṣe Róòmù ni ìwé Látìnì ti àwọn Kristẹni ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọ tó wà ní Róòmù ṣì ń fi Gíríkì jọ́sìn, Áfíríkà ni àwọn Kristẹni ti ń fi Látìnì kọ̀wé. Àkọsílẹ̀ ẹjọ́ àwọn ajẹ́rìíkú Scillium, tí a pa ní Carthage ní ọdún 180, ni ìwé Látìnì ti ìjọ Kristi tó pẹ́ jù lọ tí a mọ ọjọ́ rẹ̀. Carthage wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí.

Ìlú kan náà ni Tertullian ti kọ Apologeticus ní nǹkan bí ọdún 197. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lo ọ̀rọ̀ Látìnì náà trinitas fún Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage tí a bẹ́ lórí ní ọdún 258, Látìnì ló fi kọ̀wé. Augustine, tí a bí ní Thagaste ní ọdún 354, ní ilẹ̀ tí í ṣe Àlùjíríà lónìí, tó sì kú ní Hippo ní ọdún 430, Látìnì ló fi kọ̀wé. Ọmọ Áfíríkà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá sọ pé Látìnì jẹ́ ohun àjèjì fún Kristẹni Áfíríkà ń ta ogún àwọn baba rẹ̀ láì mọ iye rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, ṣé kò tó kí a kà wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì? Ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹlòmíràn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún kò lè mọ ìgbà tí ògbufọ̀ bá fò nǹkan kọjá. Samuel Ajayi Crowther mọ èyí. Ó kọ́ Látìnì àti Gíríkì kí a tó fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1843, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n fi Bíbélì lé wa lọ́wọ́ ní èdè abínibí wa.

Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ Tẹ́lẹ̀

Látìnì kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa pátápátá. Láti ìgbà tí a ti dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859 ni a ti ń kọ́ ọ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ẹ̀kọ́ Látìnì àti Gíríkì ìgbàanì wà lára ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n kọ́ ọ ní girama léèrè ohun tó ṣẹ́kù lórí wọn. Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní amo, amas, amat, wọ́n á sì sọ iye pàṣán tí ó bá a rìn. Tábìlì ni wọ́n há sórí. Wọn kò fi èdè náà gbọ́ ìtàn kankan.

Augustine fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí èyí nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kọ́ Látìnì nígbà èwe láìsí ìbẹ̀rù ìyà, láàárín ẹ̀rín àti eré àwọn tó ń tọ́jú òun, ṣùgbọ́n òun kórìíra Gíríkì nítorí ìhàlẹ̀ àti ìyà ni a fi kọ́ òun. Ohun tó rí fà yọ ni pé ìfẹ́ láti mọ̀ ń kọ́ni ní èdè ju ìbẹ̀rù lọ. Ṣáájú rẹ̀, ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, Quintilian, olùkọ́ ńlá ní Róòmù, ti gbà àwọn olùkọ́ níyànjú pé kí ọmọdé kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àwọn ìtàn ẹranko tí a ń pè ní ti Aesop, kí ó tó wá kọ wọ́n sílẹ̀, nítorí pé wọ́n sún mọ́ ìtàn tí àwọn olùtọ́jú ọmọ ń sọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àrà tuntun. Ọ̀nà àtijọ́ ni, èyí tí pàṣán ti bò mọ́lẹ̀.

Ìtàn Kìn-ín-ní: Ìjàpá àti Ẹkùn

Ẹ ka ìtàn yìí sókè. Fáwẹ̀lì Látìnì kò ṣòro fún ẹnu Yorùbá; ẹ pe a, e, i, o, u bí ẹ ti ń pè wọ́n, kí ẹ sì pe c bíi k.

Testudo in silva habitat. Parva est, sed callida. Leopardus testudinem videt. «Esurio,» inquit leopardus. Testudo respondet: «In flumine piscis magnus est!» Leopardus in flumen salit. Testudo ridet.

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: Ìjàpá ń gbé inú igbó. Ó kéré, ṣùgbọ́n alárékérekè ni. Ẹkùn rí ìjàpá. Ẹkùn ní, «Ebi ń pa mí.» Ìjàpá dáhùn pé, «Ẹja ńlá kan wà nínú odò!» Ẹkùn fò sínú odò. Ìjàpá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ 27 péré ni Látìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́rin tó jẹ́ òpó gírámà Látìnì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí. Ní Yorùbá, ipò ni a fi ń mọ̀ ọ́n: «ẹkùn rí ìjàpá» yàtọ̀ sí «ìjàpá rí ẹkùn». Ní Látìnì, testudo ló di testudinem nígbà tó di ẹni tí a rí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé testudinem leopardus videt, ẹkùn náà ló ṣì ń ríran. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìjàpá ríran, ẹ ó kọ testudo leopardum videt. Ṣé èyí ṣàjèjì? Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì. Àwa náà ń sọ pé «mo rí i», lẹ́yìn náà «ó rí mi». Mo di mi, ó di i. Ohun tí Yorùbá ń ṣe sí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ nìkan ni Látìnì ń ṣe sí gbogbo orúkọ.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ wo in flumine àti in flumen. Ìwé gírámà yóò lo ojú ewé mẹ́ta láti ṣàlàyé èyí fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. In flumine ni «nínú odò», níbi tí nǹkan wà. In flumen ni «sínú odò», ibi tí nǹkan ń lọ. Ní àti sí ni ìyàtọ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ níbí.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ẹni tó ṣe é pọ̀ sẹ́yìn. Esurio jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n «ebi ń pa mí» ni ìtumọ̀ rẹ̀. O tó wà ní ìparí rẹ̀ ló dúró fún «èmi». Video ni «mo rí», vides ni «o rí», videt ni «ó rí». Ẹ kíyè sí i pé Látìnì ìgbàanì kò ní ẹ ọ̀wọ̀. Tu ni wọ́n ń pe ẹrú, tu ni wọ́n ń pe bàbá, tu náà ni wọ́n ń pe Ọlọ́run nínú àdúrà. Ẹni tó bá ń túmọ̀ sí Yorùbá ló gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n mọ ibi tí yóò ti lo «ẹ» àti ibi tí yóò ti lo «ìwọ».

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló le fún wa jù. A kọ parva àti callida pẹ̀lú a nítorí pé Látìnì ka testudo sí abo, ì báà jẹ́ akọ ìjàpá. Piscis jẹ́ akọ, a sì kọ magnus. Yorùbá kò ní irú rẹ̀; «ó» wa bá ọkùnrin, obìnrin àti òkúta lọ. Kò sí ọ̀nà àbùjá, à fi kí a máa kọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ títí etí yóò fi mọ́ ọn. Àǹfààní ìtàn nìyí. Ẹni tó ti rẹ́rìn-ín sí testudo callida kò ní gbàgbé pé abo ni.

Ìtàn Kejì: Ọ̀bọ àti Ọ̀nì

Àwọn ìwé Látìnì tó ti Yúróòpù wá kún fún ìkookò àti béárì. Ọmọ Òṣóòrò kò rí béárì rí. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀bọ, ó mọ ejò, ó sì ti gbọ́ ìtàn ọ̀nì odò Olúwa àti ti erin tó ń rìn nínú igbó Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́. Látìnì ní orúkọ fún gbogbo wọn: simia, serpens, crocodilus, elephantus. Ẹ jẹ́ kí a lo tiwa.

Simia in arbore sedet. Crocodilus in flumine natat. Crocodilus simiam vocat: «Descende, amica!» Simia non descendit. «Dentes tuos video,» inquit.

Ọ̀bọ jókòó lórí igi. Ọ̀nì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò. Ọ̀nì pe ọ̀bọ: «Sọ̀kalẹ̀, ọ̀rẹ́ mi!» Ọ̀bọ kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní, «Mo ń rí eyín rẹ.»

Ohun tuntun méjì ló wà níbí. Descende ni àṣẹ fún ẹnì kan. Bí wọ́n bá pọ̀, descendite ni. Dentes tuos ni eyín púpọ̀ tí ẹnì kan ń rí. Àwọn tó kù jẹ́ àtúnsọ ìtàn kìn-ín-ní, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ọ̀nà yìí wà: ìtàn kọ̀ọ̀kan mú tuntun díẹ̀ wá, ó sì mú àtijọ́ púpọ̀ padà.

Lẹ́yìn nǹkan bí ogún irú ìtàn yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe tán láti gbọ́ Phaedrus, ẹrú tí Késárì Augustus dá sílẹ̀, tó fi Látìnì kọ ìwé ìtàn ẹranko márùn-ún. Èyí tó fi ṣáájú ni ti ìkookò àti ọ̀dọ́ àgùntàn, lupus àti agnus. Ìkookò wà lókè odò, ọ̀dọ́ àgùntàn wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ ìkookò ń fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń da omi òun rú. Nígbà tí ọ̀dọ́ àgùntàn já irọ́ náà, ìkookò wá ẹ̀sùn mìíràn, títí ó fi pa á láìṣẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ ẹrú mọ ohun tó ń sọ. Bí àwọn baba wa ti ń fi ìjàpá sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ fi sọ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe. Oníwàásù tó mọ agnus láti inú ìtàn yìí yóò gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn nígbà tó bá bá a pàdé nínú Bíbélì Látìnì, ní Jòhánù 1:29.

Láti Ọ̀dọ̀ Ẹranko Dé Ọ̀dọ̀ Perpetua

Ibi tí mo ń mú yín lọ nìyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 203, a ju àwọn Kristẹni kan sí ẹranko ní gbàgede ìran ní Carthage. Perpetua wà lára wọn, ìyá ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 22, tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Felicitas wà lára wọn, ẹrúbìnrin tó bímọ sínú ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Perpetua fúnra rẹ̀ ló kọ apá kan ìwé tó sọ ìtàn náà. Ó wà lára ìwé tó pẹ́ jù lọ tí obìnrin Kristẹni fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, Látìnì rẹ̀ sì rọrùn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu lásán.

Ẹranko wo ni a bá níbẹ̀? Leopardus, ẹkùn. Ursus, béárì. Aper, ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Vacca, abo màlúù tí inú ń bí. Nínú ìran tí Perpetua rí lẹ́wọ̀n, draco, dírágónì, wà ní ẹsẹ̀ àkàbà tó kan ọ̀run, ó sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ti ń gùn ún. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣeré ní kíláàsì ni àwọn ajẹ́rìíkú wọ̀nyí fi ẹ̀jẹ̀ san owó rẹ̀. Tertullian náà sọ nínú Apologeticus pé bí odò Róòmù bá kún, tàbí bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, igbe àwọn èrò ni pé kí a ju àwọn Kristẹni sí kìnnìún.

Ohun kan tún wà fún àwa tí a gba ìrìbọmi Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́. Ẹni tó kó ìwé Perpetua jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdáàbòbò: ó ní kí a má rò pé ìgbà àtijọ́ nìkan ni Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́, ó sì tọ́ka sí àsọtẹ́lẹ̀ Jóẹ́lì tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:17. Èyí ju ọdún 1,700 lọ ṣáájú Azusa Street ní ọdún 1906 àti ìsọjí Òkè-Òoyè ní Iléṣà ní ọdún 1930. A máa ń gbọ́ pé ìgbàgbọ́ wa nínú ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́ ohun àná. Ẹ̀rí tó já a ní koro wà nílẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ ọ́, Látìnì sì ni a fi kọ ọ́. Ó yẹ kí a kà á pẹ̀lú ọgbọ́n pẹ̀lú, nítorí pé àríyànjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀ bóyá àwọn ẹgbẹ́ Àsọtẹ́lẹ̀ Tuntun ti Montanus ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ tí Tertullian náà fara mọ́ nígbà tó yá, tí ìjọ sì kọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè yẹ ohun tí a kò lè kà wò.

Ohun Tó Ń Yí Padà Lórí Pẹpẹ Ìwàásù

Àpẹẹrẹ méjì tó. Èkíní ni Lúsíférì. Ọ̀pọ̀ ìwàásù wa ló dúró lórí pé orúkọ àbísọ Sátánì nìyí. Ọ̀rọ̀ Látìnì lásán ni: lux ni ìmọ́lẹ̀, fero ni «mo gbé», lucifer ni ẹni tó gbé ìmọ́lẹ̀ wá, ìràwọ̀ òwúrọ̀. Jerome, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Bíbélì Látìnì ní ọdún 382, lò ó ní Aísáyà 14:12, ibẹ̀ ló sì gbà dé inú Bíbélì wa. Bíbélì Látìnì kan náà lo lucifer ní 2 Pétérù 1:19, fún ìràwọ̀ tó ń yọ nínú ọkàn àwọn onígbàgbọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní Cagliari tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucifer, ó sì jà fún jíjẹ́ Ọlọ́run Kristi. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wàásù nípa ìṣubú Sátánì. Mo ń sọ pé kí ó má gbé e ka orí ọ̀rọ̀ kan tí kò lè ru ú.

Èkejì ni Ẹ̀mí Mímọ́. Mo ti gbọ́ oníwàásù tó ní abo ni Ẹ̀mí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà. Ruach sábà máa ń jẹ́ abo lóòótọ́. Pneuma ti Gíríkì kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Spiritus ti Látìnì jẹ́ akọ. Ẹni tó ti kọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjàpá pé testudo jẹ́ abo nínú gírámà, ì báà jẹ́ akọ nínú igbó, ti ní ìdáhùn lọ́wọ́: gírámà kò lè dá ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run sílẹ̀.

Ìlànà fún Kíláàsì Kékeré

Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Kí olórí kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní Yorùbá, tàbí ní èdè Ìkálẹ̀ bí gbogbo wọn bá gbọ́ ọ, kí etí lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kí wọ́n ka Látìnì rẹ̀ sókè nígbà mẹ́ta. Kí wọ́n pa Yorùbá tì, kí wọ́n sì béèrè ìbéèrè ní Látìnì: Quis ridet? Testudo. Quem leopardus videt? Testudinem. Ubi est piscis? In flumine. Ẹ kíyè sí i pé quis di quem, bí testudo ti di testudinem. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ ẹranko: kí serpens dípò leopardus, kí ọ̀rọ̀ sì yí bó ti yẹ. Ní ìparí, kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn mẹ́rin tirẹ̀ sínú ìwé ìkọ̀wé.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni kí a tó mú tábìlì gírámà jáde. Nígbà náà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni yóò jẹ́ lójú wọn. Kí a wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹsẹ Bíbélì Látìnì tí wọ́n mọ̀ sórí ní Yorùbá, pàápàá níbi tí ẹranko wà: leo ní 1 Pétérù 5:8, vulpes ní Lúùkù 13:32. Ní Jẹ́nẹ́sísì 3:1, wọ́n á rí i pé callidior ni a pe ejò, láti ara callidus, ọ̀rọ̀ tí a fi pe ìjàpá wa ní alárékérekè.

Ìkìlọ̀ àti Ìparí

Látìnì kò rọ́pò Hébérù àti Gíríkì. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kò tó fún ju èdè kan lọ, kí ó kọ́ Gíríkì. Kò sì sí òróró pàtàkì kankan lórí Látìnì. Ẹni tó bá ń dà á sí àwọn ará létí lórí pẹpẹ kí a lè mọ̀ pé ó kàwé ti ṣi ẹ̀bùn náà lò. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ààyè rẹ̀, kí ìwàásù tó ti ibẹ̀ jáde lè jẹ́ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run fún ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kí ó má bẹ̀rù. Àwọn tó ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà yìí kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń dúró de ọmọ ilé tí yóò kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjàpá. Ẹni tó bá lè tẹ̀ lé e la igbó kọjá yóò dé Carthage.